Ọjọ́ Ọ̀wọ́n ni Ìpín Ń Fi Ara Hàn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-o-jí-ire tí ẹ ń gbé ní Minna, ní Bosso, ní Tunga, ní Chanchaga àti ní Maitumbi, olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ni ó ní kí a kọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wa rí nípa ọ̀ràn ìwé owó ìrànwọ́ tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé. A kọ́kọ́ kọ̀. A ní akọ̀wé rélùwéè lásán ni àwa, ìwé mẹ́fà ni a kà, ẹnu wa kò gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n olóòtú dá wa lóhùn pé ẹni tí ó da omi rú ni ó yẹ kí ó dúró tì í títí yóò fi tòrò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí pé òótọ́ ni. Àwa wà lára àwọn tí ó pariwo jù ní ọjọ́ náà.

Bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé láti ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ ti kó ìwé owó ìrànwọ́ kúrò nínú lẹ́jà ńlá sínú kọ̀ǹpútà. Owó wà ní báńkì. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó san owó oṣù rẹ̀ àti ti ẹni tí ó jẹ gbèsè, inú ẹ̀rọ ni ó wà. Òfin wa sì sọ pé akápò kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé owó fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá ti wo orúkọ onítọ̀hún kí ó rí i pé kò jẹ gbèsè. Àbúrò wa kan, ọmọ tí àbúrò bàbá wa bí, ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú yìí tí a kì yóò dárúkọ. Òun ni ó bá ẹgbẹ́ gba àyè nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ní níbẹ̀, a sì ń san owó kékeré fún wọn lóṣooṣù.

Ní ìparí oṣù kan, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń rọbí, ọmọ kò sì wá. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà, kí àwọn ará ilé rẹ̀ tètè wá owó. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ẹrù, wà ní ọ̀nà Kánò. Bàbá Akápò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ṣí ìwé. Ojú ìwé kò ṣí. Àmì kékeré kan ń yí po, ó ń yí po, bí ọlọ tí kò ní ata nínú. Bàbá jókòó tì í títí di ọ̀gànjọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ṣí díẹ̀ ní òwúrọ̀, ó tún kú. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà ni.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti fún àwọn ìyá wa ní ọjà. Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn ni wọ́n ti gbé igbá yí ká, olúkúlùkù sọ ohun tí ó ní lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ bẹ dókítà fún ìyókù. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé pé, ẹnìkan dìde, ó ní, "Owó tí a kò rí ìwé rẹ̀, ṣé ó ṣì wà?" Òmíràn ní ọmọdé tí a gbé ìwé fún ti mọ bí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ jẹ owó. Àwa náà dìde. A wo ojú àbúrò wa, a sì wí pé, "Bí owó bá wà, fi ìwé rẹ̀ hàn wá nísinsìnyí." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Akápò, ẹni àádọ́rin ọdún, ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì jáde láìsọ nǹkan kan. Fìlà náà wà níbẹ̀ títí ìpàdé fi tú. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ kàn án.

Oorun kò kun wa ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a ti ibi iṣẹ́ dé, a lọ bá ọmọ náà níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Kí a má purọ́, a lọ wò ó bóyá a óò rí ojú olè ni. Ó mú wa wọ yàrá kan tí ó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, wọ́n ń hó yèè. Sáfà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ mẹ́ta ni ẹ ń wò yìí, ṣùgbọ́n méjìlélógún ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn."

A ní kí ó má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà àga fún wa, ó sì ṣàlàyé. Ó ní láyé àtijọ́, iṣẹ́ kan ní ẹ̀rọ kan. Ìwé owó oṣù ní tirẹ̀, ìwé oníbàárà ní tirẹ̀, lẹ́tà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà a sì máa sùn ní ọ̀sán gangan, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò tó wọn. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n bá ronú pé kí a kọ́ ilé ńlá kan, kí a pín in sí yàrá yàrá, kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó máa rò pé òun nìkan ni ó ni ilé. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ nìyẹn. Kì í sì í ṣe ọgbọ́n àná. Láti ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà ti gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní VM/370, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì ìgbà náà. Ní ọdún 1998 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ VMware sílẹ̀, èyí tí ó mú ọgbọ́n náà wọ inú ẹ̀rọ tí owó ilé-iṣẹ́ kékeré ká. Ní ọdún 2007, irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní KVM wọ inú Linux, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó láìsanwó.

A bi í pé èéṣe tí ó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe ẹyọ kan tí ó tóbi. Ó ní wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ọmọ ìyá ni. Bí ọ̀kan bá kú, méjì tí ó kù yóò gba àwọn ayálégbé rẹ̀ sílé. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ kún wọn dé ẹnu; ohun tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbọdọ̀ ṣófo nítorí ọjọ́ ibi. Ó ní bí iṣẹ́ bá wúwo jù lórí ọ̀kan, ètò náà lè gbé ayálégbé kan lọ sí òmíràn nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ìgbà tí a bá gbé èrò láti kóòṣì kan sí èkejì láìdá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀rù bà wá láti gbọ́ èyí, nítorí pé ní rélùwéè a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì pàtàkì ni àwọn ayálégbé yìí jọ ń pín. Èkíní ni ọpọlọ ẹ̀rọ, tí ó ń ṣe ìṣirò. Èkejì ni mẹ́mọ́rì. Mẹ́mọ́rì dà bí tábìlì tí akọ̀wé ń tẹ́ ìwé sí kí ó lè rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, díìsìkì sì dà bí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn rẹ̀. Bí tábìlì bá tóbi, iṣẹ́ yá. Bí tábìlì bá kún, akọ̀wé yóò máa dìde lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà, èrò yóò sì tò títí dé ẹnu ọ̀nà. Èyí yé wa dáadáa, nítorí pé irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni tiwa.

Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwé kékeré kan jáde. Nínú rẹ̀ ni ó kọ gbogbo ohun tí a ti ṣe sí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wa láti ọjọ́ tí ó ti ń ṣàìsàn, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. A yọ̀ láti rí i. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, wákàtí tí ọkọ̀ dé àti wákàtí tí ó lọ, a kì í fi sórí, inú ìwé ni a ń kọ ọ́ sí; nítorí pé ní ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ìwé ni yóò jẹ́rìí, kì í ṣe ẹnu.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìwé náà wí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tún un tàn. Ó ṣe dáadáa fún wákàtí kan, ó tún padà sí bí ó ti wà. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò tó. Wọ́n sọ ọ́ di gíígà 16, láti 4 tí ó wà. Kò yí padà. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò tó. Wọ́n sọ méjì di mẹ́jọ. Ó wá burú ju ti ìṣáájú lọ.

A ní, "Báwo ni a óò ṣe fún ènìyàn ní oúnjẹ púpọ̀ sí i, tí ebi yóò túbọ̀ máa pa á?"

Ó dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Bí ẹnì méjì bá wá wọ ọkọ̀, ǹjẹ́ wọn kì í tètè rí àyè? Ṣùgbọ́n bí ẹnì mẹ́jọ bá wá, tí wọ́n ní àwọn kò lè wọkọ̀ àfi bí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jọ rí ìjókòó, ńkọ́?"

Ó yé wa. Ẹlẹ́ni méjì yóò ti dé Kaduna kí ẹlẹ́ni mẹ́jọ tó kúrò ní ìdíkọ̀. Ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ mẹ́jọ kì í tètè rí àyè láàárín àwọn tí ó kù, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìwé ẹgbẹ́ wa kò lò ju ọpọlọ méjì lọ. Ó fi àwòrán kan hàn wá lójú ẹ̀rọ. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 20 kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ wa ti múra tán láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fi bí 4 dúró de ọpọlọ. A mọ irú ìdúró yìí. Ojú irin wa tí ó ti Èkó wá gba ibí lọ sí Kánò, ẹyọ kan ni ní ibi púpọ̀; ọkọ̀ méjì kò sì gbọdọ̀ wà láàárín ibùdó méjì lẹ́ẹ̀kan náà lórí rẹ̀. Èrò yóò rí ọkọ̀ tí ó dúró, yóò ní ọkọ̀ bàjẹ́. Ọkọ̀ kò bàjẹ́. Ojú irin ni kò ṣófo.

Ó dá ọpọlọ náà padà sí méjì. Kò fi ọwọ́ kan ohun mìíràn. Ó ní bí ènìyàn bá yí nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara ẹ̀rọ bá yá, kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn. Bí ó bá sì burú sí i, kò ní mọ èyí tí ó pa á. Ó dúró fún wákàtí kan, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ìdúró náà dín kù, ṣùgbọ́n ojú ìwé ṣì ń falẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo mẹ́mọ́rì. Ibẹ̀ ni ohun ìyanu wà. Ilé ńlá ní àyè púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, síbẹ̀ yàrá wa há bí ẹni pé ìyàn mú nílùú. Ó ṣàlàyé pé ilé ńlá a máa fi ohun kan sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó dà bí bálúùnù tí ọmọdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí onílé bá fẹ́ gba àyè padà lọ́wọ́ ayálégbé, yóò fẹ́ bálúùnù náà, yóò wú, ayálégbé yóò sì kó ẹrù rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀. Ọgbọ́n rere ni ní ọjọ́ ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀wọ́n kọ́ ni èyí, bálúùnù inú yàrá wa sì ti wú ju ìdajì yàrá lọ. Ta ni ó ń fẹ́ ẹ?

Ọmọ náà ń ṣí ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí ó pẹ́, ó pòṣé, ó sì nawọ́ sí ìlà kékeré kan ní ìsàlẹ̀. Ó kà báyìí: ààlà, gíígà 4. Ó ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, tí ẹ̀rọ wọn ṣì kéré, wọ́n ṣe ẹ̀rọ àwòṣe kan, wọ́n sì fún un ní ààlà kí ó má bàa jẹ tàwọn tó kù. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti dá láti ìgbà náà, ara àwòṣe yẹn ni wọ́n ti gé e, ààlà náà sì bá wọn wá bí ilà ojú. Òtítọ́ ni pé ìwé ẹgbẹ́ ti pọ̀ ju tábìlì gíígà 4 lọ. Ọ̀gá kò ṣìnà nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ 16 sí ẹnu ilẹ̀kùn, ààlà 4 ṣì wà nínú ilé. Ayálégbé rò pé òun ní 16, ó tẹ́ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó, onílé sì ń fi bálúùnù lé e padà sí 4, ó ń kó ìyókù ẹrù rẹ̀ lọ sí díìsìkì. Kò sí ẹni tí ó rántí ààlà náà. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Ó mú ààlà kúrò. Bálúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ẹgbẹ́ ń ṣí geere. Inú wa dùn, a fẹ́ máa lọ pariwo fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ó pé títí alẹ́. Wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù, ó sì ní ìdí." Lóòótọ́, nígbà tí ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó oṣù wọn, ẹ̀rọ wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni ó mú kí a kọ ìwé yìí. Wọ́n ti pín àwọn ẹ̀rọ méjìlélógún náà sí àwo méjì. Nínú àwo kìn-ín-ní ni ẹ̀rọ méjì ti àwọn ọ̀gá wà. Nínú àwo kejì ni ogún ẹ̀rọ ti àwọn oníbàárà wà, tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ rò pé òun ṣe òdodo: ó fún àwo méjèèjì ní ìpín kan náà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Bí ọpọlọ bá di ọ̀wọ́n, ìdajì yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ méjì, ìdajì yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ogún. Ẹnì kan ní àwo kìn-ín-ní yóò jẹ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ẹnì kan ní àwo kejì jẹ. Àwo dọ́gba, ọwọ́ inú àwo ni kò dọ́gba.

A bi í pé èéṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi rí èyí láti ọdún mélòó kan. Ó ní, "Nítorí pé ní ọjọ́ tí nǹkan bá pọ̀, olúkúlùkù ń yó, kò sí ẹni tí ó ń ka òkèlè. Ọjọ́ ọ̀wọ́n ni ìpín ń fi ara hàn." Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó tún ìpín náà ṣe kí ó lè bá iye orí tí ó wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan mu, ó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ dúró rárá. Láti ìgbà náà, ìparí oṣù ti dé, ó ti kọjá, ìwé wa kò tì mọ́. Bí ọmọ náà ti wí ni ó rí: ní ọjọ́ kẹrin gan-an ni ó tẹ ìwé ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kó o wá. Owó báńkì àti owó inú ìwé bá ara wọn mu, kọ́bọ̀ kan kò dín.

Ẹ̀yin ará, a ti tètè máa ń dá ènìyàn lẹ́bi ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ rántí ìdánwò JAMB ti ọdún 2025. Nígbà tí èsì jáde tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá JAMB nígbà náà, jáde sí gbangba ní Àbújá, ó jẹ́wọ́ pẹ̀lú omijé pé àṣìṣe wà nínú ètò àwọn sáfà tí ó wà fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn gúúsù. Ibùdó ìdánwò 157 ni ó kàn, àwọn ọmọ tí ó kàn sì jẹ́ 379,997. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Àwọn òbí mélòó ni ó ti na ọmọ wọn kí ọjọ́ náà tó pé? Àwa kò na ọmọ tiwa, ṣùgbọ́n a fi ẹnu nà án níwájú àwùjọ, èyí tí ó le ju pàṣán lọ.

Nígbà tí ìwé tí a tẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ wa, a wo orúkọ awakọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Kò jẹ gbèsè oṣù kan. Nígbà náà ni a wo iye tí ẹgbẹ́ ìbá fún un, bí ó bá ṣe pé ẹ̀rọ ṣí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àyà wa já. ₦14,000 péré ni.

Kí ló fà á? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀ka méje ni ẹgbẹ́ wa ní, gẹ́gẹ́ bí ìlú tí olúkúlùkù ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a máa ń pín owó ìrànwọ́ ní ọgbọọgba, ₦300,000 fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, a sì ń pe é ní òdodo. Ẹ̀ka tí ó pọ̀ jù ní agboolé 60. Bí a bá pín owó náà sí i, ₦5,000 ni agboolé kan. Ẹ̀ka tí ó kéré jù ní agboolé 5. ₦60,000 ni tiwọn. Ẹ̀ka ńlá ni awakọ̀ náà wà. Àìsàn àti ìsìnkú ti jẹ àwo wọn tán kí ọdún tó dé ìdajì, ó ku ₦14,000. Ní ọjọ́ kan náà yẹn, owó ẹ̀ka kékeré wà ní báńkì láìsí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án. Kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àwọn náà ń san owó oṣù tiwọn bí ó ti yẹ.

Ó tún kù. Bí àwo náà ìbá tilẹ̀ kún, òfin wa sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà ju ₦20,000 lọ. Ọdún 2009 ni a ṣe òfin náà, nígbà tí ₦20,000 jẹ́ owó gidi. Láti ìgbà náà a ti fi kún owó oṣù lẹ́ẹ̀mẹta. A kọ 16 sí ẹnu ilẹ̀kùn, ààlà 4 ṣì wà nínú ilé. Àwọn tí ó kọ òfin náà, ẹlòmíràn ti padà sílé, ẹlòmíràn ti lọ sọ́run, òfin ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ́ ààlà fún aláboyún.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ń ṣàìsàn. Bí ẹ̀rọ kò bá kú ní ọjọ́ yẹn, Bàbá Akápò yóò ti fi ọwọ́ sí ₦14,000, a óò ti ní ẹgbẹ́ ṣe tirẹ̀, a kò sì ní mọ̀ títí láé. Àwọn ìyá ọjà tí ó gbé igbá yí ká kò béèrè ìlú tí obìnrin náà ti wá. Bí àwọn ti pín in ni ó tọ́.

Ohun mẹ́ta ni àwa ń gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀. Kí a dá owó ìrànwọ́ padà sínú àwo kan, kí a máa pín in gẹ́gẹ́ bí àìní ẹni, kí ìdá kan sì wà ní àfipamọ́ fún ọ̀ràn ikú àti ìyè. Kí a máa wo gbogbo ààlà tí ó wà nínú òfin wa lọ́dọọdún, kí a bi ara wa ẹni tí ó fi í síbẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Kí a sì máa tẹ ìwé owó sórí pépà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí akápò má bàa tún jókòó di ọ̀gànjọ́ níwájú àmì tí ń yí po. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò dun àwọn ẹ̀ka kékeré. Ẹ̀ka kékeré ni àwa pàápàá wà. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ láìbínú.

Ó ku ọ̀rọ̀ àforíjì. Àbúrò wa, níwájú àwùjọ ni a ti dójú tì ọ́, níwájú àwùjọ náà ni a ti ń bẹ̀ ọ́ nínú ìwé yìí. O kò jẹ kọ́bọ̀ wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ọmọdé nìkan ni ó gbọ́n.

Ní ti Bàbá Akápò, a fi aṣọ mímọ́ wé fìlà wọn, a gbé e lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. A dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, a kò mọ ohun tí a óò sọ. Bàbá wo fìlà, wọ́n wo àwa, wọ́n ní, "Ẹ dìde. Ṣé ẹ ti jẹun?" A jẹ iyán lọ́dọ̀ wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti gbà láti padà sí ipò wọn.

Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ wàhálà náà, obìnrin ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó péjọ síbi ìkómọjáde rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà ní abala ìròyìn ẹbí nínú ìwé yìí. Ọlọ́run yóò wò ó dàgbà fún wa, kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa ṣì ní ilẹ̀ àjò. Ire o.